Owó ìrànwọ́ fún iṣẹ́ ìlàjà: ohun tí ìwé yín ò tíì sọ

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ìlú méjì tó jà lórí ààlà ilẹ̀ ni ẹgbẹ́ wa ń bá ṣiṣẹ́. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí ìjà náà ti dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n wọn ò bára wọn ṣe mọ́, àfi àwọn obìnrin tó ń pàdé ní ilé ìgbẹ̀bí, torí ẹyọ kan ṣoṣo ni ìlú méjèèjì ní. Àwọn yẹn tiẹ̀ ń bára wọn gbọ́mọ. A ti kọ̀wé béèrè owó ìrànwọ́ lẹ́ẹ̀mejì, èsì kan náà la sì gbà: iṣẹ́ yín dára, ṣùgbọ́n a ò lè fún yín. Ṣé kí a wá akọ̀wé tó mọṣẹ́ kó bá wa kọ ẹ̀kẹta ni? Ìkésíni láti kọ̀wé béèrè owó tó wà nílẹ̀ báyìí máa parí ní ọ̀sẹ̀ méje sí òní. Mo fi ìwé tí a kọ gbẹ̀yìn ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí."

Ẹ kú ìforítì. Rárá o, ẹ má wá akọ̀wé kankan. Mo ka ìwé yín lẹ́ẹ̀mejì, kò sí ohun tó ṣe ìwé kíkọ yín. Ojú ewé mọ́kànlá ni, mẹ́sàn-án nínú rẹ̀ sì dá lórí ohun tí ẹ fẹ́ ṣe: ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta, ìdíje bọ́ọ̀lù kan, ètò orí rédíò mẹ́rin, ọgọ́rùn-ún ọ̀dọ́. Ìjà tó mú yín dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ò gbà ju ìlà mẹ́rin lọ. Ilé ìgbẹ̀bí tí ẹ fi gbólóhùn méjì sọ fún mi nínú lẹ́tà, tí mo sì tìtorí rẹ̀ gbé ìwé yín sún mọ́ ojú, kò sí níbẹ̀ rárá.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Àjọ tó ń fúnni lówó fún ìlàjà fẹ́ mọ ohun tó máa yí padà láàárín àwọn èèyàn kan tí ẹ lè tọ́ka sí, ó sì fẹ́ rí i pé ẹ mọ ìjà náà ju ẹnikẹ́ni lọ. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti rédíò kàn jẹ́ ọ̀nà tí ẹ máa gbà débẹ̀ ni.

Ọdún márùn-ún ni mo fi wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń ka irú ìwé báyìí fún àjọ kan. Nǹkan bí ogójì ìwé máa ń wà lórí tábìlì lẹ́ẹ̀kan náà, ilẹ̀ sì máa ń ṣú bá wa lórí wọn. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé màá fi àtẹ́lẹwọ́ bo orúkọ ìlú tó wà nínú ìwé, màá wá bi ara mi pé: ṣé ìlú mìíràn lè gbé ìwé yìí wọ̀? Bó bá bá ìlú mẹ́wàá mu, a jẹ́ pé ẹni tó kọ ọ́ ò tíì jókòó ti ìjà tó fẹ́ parí. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ la máa ń kọ èsì sí pé "iṣẹ́ yín dára". Ó dùn mí láti sọ ọ́ fún yín, torí mo mọ̀ pé ẹ ti jókòó ti ìjà tiyín fún ọdún mẹ́fà gbáko. Ìwé yín ni ò jẹ́ kí wọ́n mọ̀.

Nítorí náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ìjà fúnra rẹ̀, kí ẹ sì fún un ní ojú ewé méjì ó kéré tán. Ẹ má kàn kọ "aáwọ̀ ilẹ̀" kí ẹ sì kọjá lọ. Ilẹ̀ wo? Ta ló ń dáko síbẹ̀ kí wọ́n tó jà, ta ló ń dáko síbẹ̀ báyìí? Ọ̀nà wo ni àwọn èèyàn ò gbà mọ́ láti ìgbà yẹn, báwo sì ni yíyípo tí wọ́n ń yí po ṣe ń pẹ́ tó? Ta ló ń jèrè nínú bí nǹkan ṣe rí báyìí? Kì í ṣàìsí ẹni tó ń jèrè: ó lè jẹ́ ẹni tó gba ilẹ̀ náà ní owó pọ́ọ́kú, ó sì lè jẹ́ ẹni tó jẹ́ pé ìbẹ̀rù àwọn èèyàn rẹ̀ ló gbé e sípò. Ẹ ò ní dárúkọ rẹ̀ nínú ìwé o, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó hàn pé ẹ mọ̀ pé ó wà, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ máa ṣe bó bá fẹ́ da iṣẹ́ náà rú.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ gbogbo ohun tó ń pín wọn níyà sí apá ọ̀tún, ohun tó ṣì so wọ́n pọ̀ sí apá òsì. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló máa ń kọ apá ọ̀tún kún fọ́fọ́ tí apá òsì á ṣófo, tí wọ́n á wá fẹ́ fi owó ẹlòmíràn dá okùn tuntun sílẹ̀. Tiyín ò ṣófo. Ìyá kan láti ìlú yìí ń gbé ọmọ ìyá kan láti ìlú kejì dání kí onítọ̀hún lè ráyè gba abẹ́rẹ́, bẹ́ẹ̀ àwọn ọkọ wọn ò kí ara wọn. Ẹnikẹ́ni ò sanwó fún wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Mi ò mọ ìdí tí ẹ fi fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, tí ẹ lọ ń kó ọ̀dọ́ jọ sínú gbọ̀ngàn.

Kí ẹ tó kọ ìtàn ìjà náà, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu apá méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì kọ méjèèjì sílẹ̀ bí wọn ò tilẹ̀ bára mu. Orúkọ èèyàn mẹ́sàn-án ló wà ní ìparí ìwé yín, mi ò sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé mo mọ ẹni tó wá láti ìlú wo. Àwọn tó máa kà á máa béèrè. Bó bá jẹ́ pé apá kan ni gbogbo yín ti wá, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ láìbò, kí ẹ wá ẹgbẹ́ kan ní apá kejì tí ẹ máa jọ fọwọ́ síwèé, tí owó náà á sì jọ kọjá lọ́wọ́ yín.

Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ lórí bọ́ọ̀lù, torí kò sí ìkésíni kan tí kì í yọjú. Ní 1954 ni Gordon Allport, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, là á kalẹ̀ pé àwọn tó kórìíra ara wọn ò ní fẹ́ràn ara wọn kìkì nítorí pé wọ́n pàdé. Ó ní ìpàdé náà máa ń ṣàǹfààní bí apá méjèèjì bá dúró ní ipò kan náà, bí wọ́n bá ń lé ohun kan náà, bí wọ́n bá jọ ń fọwọ́ sowọ́ pọ̀ láti rí i, tí àwọn aláṣẹ sì wà lẹ́yìn wọn. Ìdíje tiyín fi ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú kan kojú ti ìlú kejì. Ẹ wò ó, ìjà àtijọ́ lẹ tún gbé wọ orí pápá yẹn.

Ìwádìí kan wà tí ìwé àtìgbàdégbà Science gbé jáde ní 2020. Iraq ni wọ́n ti ṣe é, láàárín àwọn Kristẹni tí ogun ẹgbẹ́ agbésùnmọ̀mí ISIS ti lé kúrò nílé. Wọ́n dá ìdíje bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ kan jẹ́ Kristẹni látòkè délẹ̀, wọ́n sì fi Mùsùlùmí díẹ̀ kún àwọn ẹgbẹ́ mìíràn. Àwọn tó bá Mùsùlùmí ṣeré nínú ẹgbẹ́ kan náà ló yá jù láti forúkọ sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ àdàpọ̀ ní sáà tó tẹ̀ lé e. Àwọn náà ló yá jù láti dìbò fún Mùsùlùmí tó wà nínú ẹgbẹ́ ẹlòmíràn pé òun ni kí wọ́n fún ní ẹ̀bùn ẹni tó hùwà ọmọlúàbí jù. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, àwọn náà ló ṣì ń bá àwọn Mùsùlùmí ṣe ìgbáradì jù. Ṣùgbọ́n ìyípadà yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ jáde kúrò lórí pápá: kò dé ọ̀dọ̀ Mùsùlùmí tí wọn ò mọ̀ rí.

Mo fẹ́ràn ìwádìí yìí gan-an, torí ó fi ibi tí agbára irú iṣẹ́ yìí mọ hàn láìtan ẹnikẹ́ni. Bọ́ọ̀lù lè yí àwọn tó gbá a papọ̀ padà. Kò ní dé ọ̀dọ̀ ìlú odindi, ẹ má sì ṣèlérí pé ó máa débẹ̀. Ẹ tún wo ohun tí wọ́n kà: ìforúkọsílẹ̀, ìbò, ẹsẹ̀ tó tẹ pápá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ìwé yín ní "ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọ̀dọ́ yóò sọ pé àwọn ti gba ẹnìkejì mọ́ra". Ẹni tí ẹ fún ní oúnjẹ ọ̀sán àti owó ọkọ̀ máa sọ ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ gbọ́. Ẹ ka ohun tí wọ́n bá ṣe. Ṣé àwọn èèyàn ti ń gba ọ̀nà tí wọ́n ti pa tì? Ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé ìgbẹ̀bí ńkọ́, ṣé obìnrin ìlú méjèèjì wà níbẹ̀, ṣé wọ́n sì jọ ń pinnu? Bí màlúù bá jẹ oko ẹnìkan ní ààlà, ṣé ẹnìkan ránṣẹ́ sí apá kejì kí àwọn ọ̀dọ́ tó kóra jọ? Ẹ ka gbogbo èyí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ kà á, torí bí ẹ ò bá ka ti ìbẹ̀rẹ̀, iye tí ẹ bá kà nígbẹ̀yìn ò ní nítumọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ dáadáa lórí ètò ìnáwó. Ibẹ̀ ni mo ti rí iṣẹ́ rere tó bàjẹ́ jù.

Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, mo wà lára àwọn tó bójú tó ìpàdé ìlàjà kan. A háyà gbọ̀ngàn ní ìlú tó tóbi jù nínú méjèèjì, torí ibẹ̀ ni ọ̀nà ti dára. Níbẹ̀ náà la ti rí awakọ̀, àwọn tó ń dáná, àga, àti jẹnẹrétọ̀. Nígbà tó di ìpàdé kẹta, àwọn èèyàn ìlú kejì dé, wọn ò wọlé. Wọ́n dúró sábẹ́ òrùlé ìta. Bàbá kan yọ ìwé ilé ẹ̀kọ́ ọmọdé kan jáde nínú àpò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè: gbọ̀ngàn, eélòó, àga, eélòó, oúnjẹ, eélòó. Gbogbo owó tí a ti ná láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ló wà níbẹ̀, fún ìlú kan ṣoṣo. Ó pa ìwé náà dé, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ní ká wá jókòó bí ọgbọọgba." Kò sẹ́nì kankan nínú wa tó rí èsì fún un. Rìsíìtì wa pé pérépéré, ẹni tó yẹ ìwé owó wa wò ò rí àléébù kankan. Síbẹ̀, ó gbà wá ní oṣù mẹ́rin kí wọ́n tó padà wá, àwọn kan nínú wọn ò sì padà mọ́.

Nítorí náà, ẹ gbé ètò ìnáwó yín síwájú, kí ẹ kọ orúkọ ìlú tí owó kọ̀ọ̀kan máa wọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ ro ó pọ̀. Ẹ máa pàdé níhìn-ín lónìí, lọ́hùn-ún lọ́jọ́ mìíràn. Bí oúnjẹ bá ti ìlú kan wá, kí ọkọ̀ ti ìkejì wá. Ẹ ka àròpọ̀ náà sétígbọ̀ọ́ apá méjèèjì kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, torí wọ́n máa ṣírò rẹ̀ bí ẹ ò tilẹ̀ sọ. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú owó ìjókòó, ìyẹn owó tí ẹ ń fún ẹni tó wá sí ìpàdé: bí ẹ bá ń san án fún àwọn ọkùnrin nínú gbọ̀ngàn, tí ẹ ò san án fún àwọn obìnrin tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ ti dá aáwọ̀ tuntun sílẹ̀. Ẹ kọ gbogbo ètò yìí sínú ìwé tí ẹ máa fi ránṣẹ́. Mo ti rí i tí ìwé kan borí àwọn yòókù lórí tábìlì wa nítorí ìpínrọ̀ yìí nìkan.

Ọ̀rọ̀ àsìkò náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ owó ìrànwọ́ kì í kọjá ọdún kan ààbọ̀ sí méjì, ẹ sì kọ ọ́ pé lópin oṣù kejìdínlógún ìlú méjèèjì "yóò ti parí ìjà". Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí ò ní gba èyí gbọ́. Ẹ wo Northern Ireland, níbi tí Kátólíìkì àti Pùrótẹ́sítáǹtì ti bára wọn jà. Ní 1986 ni ìjọba Ireland àti ti Britain dá International Fund for Ireland, àpò owó ìrànwọ́ fún ìlàjà, sílẹ̀, pẹ̀lú owó láti Amẹ́ríkà, Ìṣọ̀kan Yúróòpù, Kánádà, Ọsirélíà àti New Zealand. Àdéhùn àlàáfíà ò wáyé títí di 1998. Ìṣọ̀kan Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ ètò owó ìrànwọ́ PEACE tirẹ̀ níbẹ̀ ní 1995, kò sì tíì dáwọ́ dúró: ìpele tó wà nílẹ̀ báyìí, PEACEPLUS, wà fún 2021 sí 2027, owó tó wà nínú rẹ̀ sì lé ní bílíọ̀nù kan yúrò. Pẹ̀lú gbogbo èyí, àwọn ògiri tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ní Belfast, olú ìlú ibẹ̀, ní 1969 láti ya àdúgbò Kátólíìkì sọ́tọ̀ kúrò lára ti Pùrótẹ́sítáǹtì ṣì wà níbẹ̀. Ní 2013, ìjọba ibẹ̀ kéde pé gbogbo wọn á ti wó lulẹ̀ tó bá fi máa di 2023. Ọdún náà dé, ó kọjá, ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì dúró. Ẹni tó ń sùn sí ẹ̀yìn ògiri ló mọ ìgbà tí ẹ̀rù ò ní bà á mọ́, ìdí nìyẹn tí ètò tí International Fund bẹ̀rẹ̀ lórí àwọn ògiri náà ní 2012 fi ń ti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbé lẹ́bàá wọn bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ṣèlérí ìgbésẹ̀ kan tó ṣeé rí, kí ẹ sì sọ ohun tó máa kù nílẹ̀ lẹ́yìn tí owó bá tán. Ìgbìmọ̀ ilé ìgbẹ̀bí tó ní ìyá mẹ́fà láti ìhín àti mẹ́fà láti ọ̀hún, tí wọ́n ń pàdé lóṣooṣù láìgba owó ìjókòó, ó tó bẹ́ẹ̀ fún oṣù méjìdínlógún.

Ní ti ibi tí owó wà, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ọdún 2006 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dá àkànṣe owó kan sílẹ̀ fún gbígbé àlàáfíà ró, èyí tí wọ́n ń pè ní Peacebuilding Fund. Ọwọ́ àwọn àjọ tó wà lábẹ́ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń gbà kọjá, nítorí náà ẹ béèrè èyí tó ń ṣiṣẹ́ nítòsí yín, kí ẹ wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ tó máa bá a ṣiṣẹ́. Women's Peace and Humanitarian Fund, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2016, wà fún àwọn ẹgbẹ́ tí obìnrin ń darí, ó sì máa ń fúnni lówó láti mú kí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ dúró dáadáa, yàtọ̀ sí owó iṣẹ́. Bí àwọn obìnrin ilé ìgbẹ̀bí yẹn bá dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, ọ̀nà tiwọn lè yá ju tiyín lọ, kí ẹ má sì jẹ́ kí èyí dùn yín. Ìpinnu 1325 ti ọdún 2000 ló gbé ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin wọ iwájú Ìgbìmọ̀ Aláàbò ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, 2250 ti 2015 sì ṣe é fún àwọn ọ̀dọ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù fi ń béèrè wọn. Ẹ má fi iye obìnrin tó jókòó sí ìpàdé dáhùn. Ẹ sọ ohun tí wọ́n láṣẹ láti pinnu.

Ohun kan tí àwọn ẹgbẹ́ kékeré kì í mọ̀: OECD, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè olówó, ní nọ́ńbà tí wọ́n fi ń to owó ìrànwọ́ sí ẹ̀ka ẹ̀ka, 15220 sì ni ti gbígbé àlàáfíà ró àti dídènà ìjà. Bí ẹ bá fi nọ́ńbà yẹn àti orúkọ orílẹ̀-èdè yín wá inú àkójọ IATI lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí àwọn olówó ìrànwọ́ ti ń kọ ohun tí wọ́n ń ná sílẹ̀, ẹ máa rí àwọn tó ń náwó sí irú iṣẹ́ yìí nítòsí yín, iye tí wọ́n ń ná, àti ẹgbẹ́ tí wọ́n ń gbé e fún. Ìrọ̀lẹ́ kan péré ló máa gbà yín. Ẹ má sì fi gbogbo ìrètí yín sọ́dọ̀ ẹyọ kan: nígbà tí Amẹ́ríkà dá owó ìrànwọ́ sókè òkun dúró ní oṣù kìíní 2025, iṣẹ́ tó ti dé ìdajì dúró lójijì, àwọn tó sì ti fọkàn tán àwọn òṣìṣẹ́ ìlàjà ló kọ́kọ́ rí ìjákulẹ̀ náà.

Iye tí ẹ béèrè ti ga jù fún ẹgbẹ́ tí kò tíì ná ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ rí. Ẹni tó ń kà á máa fi wé owó tó ti kọjá lọ́wọ́ yín ní ọdún kan. Ẹ dín in kù, tàbí kí ẹ wá ẹgbẹ́ ńlá kan tí ìwé owó rẹ̀ ti mọ́, kó gba owó náà dání fún yín pẹ̀lú àdéhùn tí ẹ kọ sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méje tó, bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ẹ kọ̀wé sí àwọn tó kọ̀ fún yín lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ tọrọ àlàyé tí ìgbìmọ̀ wọn ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń fúnni bí èèyàn bá béèrè. Ẹ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ láti fi gbọ́ ìtàn lẹ́nu apá méjèèjì, kí ẹ sì sọ fún gbogbo ẹni tí ẹ bá bá sọ̀rọ̀ pé kò tíì sí owó kankan. Ìkẹrin ni kí ẹ fi ka àwọn ohun tí mo ní kí ẹ kà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ìkarùn-ún ni kí ẹ fi kọ̀wé. Ní ìkẹfà, ẹ kà á fún àwọn èèyàn láti ìlú méjèèjì, kí ẹ sì yọ ohun tí wọ́n bá ní kí ẹ yọ.

Ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin ilé ìgbẹ̀bí ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ o. Ẹ má ya fọ́tò wọn, ẹ má kọ orúkọ wọn sínú fọ́ọ̀mù, torí ó lè jẹ́ pé àìsí ẹni tó ń wò wọ́n ló jẹ́ kó ṣeé ṣe fún wọn láti máa bára wọn sọ̀rọ̀. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ kí iṣẹ́ kankan wọ ibẹ̀. Bí wọ́n bá ní àwọn ò fẹ́, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ jẹ́ kí ìkésíni yìí kọjá, ẹ jẹ́ ká wá ojú ọ̀nà mìíràn fún èyí tó ń bọ̀. Bí wọ́n bá gbà, ẹ kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó kọ ìlà kan sínú fọ́ọ̀mù. Màá kà á lọ́jọ́ tó bá dé.